Etí Ọ̀gá Mẹkáníìkì

Lágbègbè Ìpogun, láàárín Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó, ọkọ̀ tó máa kó kòkó jáde lóko lásìkò òjò gbọ́dọ̀ lè la ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ kọjá. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni Land Rover àtijọ́ wà fún, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1948. Kò ní kọ̀ǹpútà nínú; kabúrétọ̀ ló ń po afẹ́fẹ́ mọ́ epo fún ẹ́ńjìnnì.

Àmọ́ bí ẹ́ńjìnnì náà kò bá di síló mú mọ́, ìyẹn ni pé kò lè rọra ṣiṣẹ́ láìtẹ iná, tó ń kú bí awakọ̀ bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, ibẹ̀ la ti ń mọ ọ̀gá.

Ọ̀gá gidi kì í sáré kan kabúrétọ̀. Yóò kọ́kọ́ yẹ púlọ́ọ̀gì wò, yóò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, yóò sì fetí sílẹ̀ bóyá afẹ́fẹ́ ń jò wọlé níbi gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti sán. Lẹ́yìn náà ni yóò tú jẹ́ẹ̀tì síló, tí ihò rẹ̀ kéré bí ojú abẹ́rẹ́, tí ìdọ̀tí inú epo sì máa ń dí. Afẹ́fẹ́ ló ń fi fẹ́ ẹ. Kì í ki wáyà bọ̀ ọ́, kí ihò náà má baà fẹ̀. Yóò rọra yí súkúrù tó ń ṣètò àpòpọ̀ epo àti afẹ́fẹ́ síló wọlé títí yóò fi kanlẹ̀, yóò sì tú u padà bíi yíyí kan àbọ̀. Láti ibẹ̀, etí ló kù: díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa yí i títí ẹ́ńjìnnì yóò fi dún geere.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ fi sùúrù iṣẹ́ yìí kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ yín. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ san owó iṣẹ́ àwọn ọ̀gá pé.