Ibùsùn Ìkókó àti Ojú Tí Ń Wò Ó

Àwòrán kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Obìnrin ará Faransé kan, Berthe Morisot, ni ó kùn ún ní ọdún 1872. Le Berceau ni ó pè é, èyí tí í ṣe ibùsùn ìkókó ní èdè wọn. Edma, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ni ó jókòó ti ibùsùn náà. Blanche ọmọ Edma ni ó sùn sínú rẹ̀. Àwọ̀n funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ta bo ọmọ náà láti òkè wá sílẹ̀. Ìyá fi ọwọ́ kan gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gbé ọwọ́ kejì lé etí ibùsùn, ó tẹjú mọ́ ọmọ bí ẹni pé kò sí ohun mìíràn láyé. Ní ọdún 1874 ni Morisot pàtẹ àwòrán yìí ní ìlú Paris, ṣùgbọ́n kò rí ẹni rà á. Ọwọ́ àwọn ẹbí ni ó wà títí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre fi rà á ní ọdún 1930. Musée d'Orsay ni ó wà báyìí.

Àwọ̀n funfun yẹn ni ọ̀pọ̀ lámèyítọ́ máa ń yìn. Lójú tèmi, kì í ṣe ibẹ̀ ni ẹwà àwòrán náà wà. Àlàfo tí ó wà láàárín ojú ìyá àti ojú ọmọ ni kí ẹ wò: kò ju ibi tí ọwọ́ lè nà dé lọ.

Àwòrán yìí ni mo rántí nígbà tí àbúrò mi obìnrin, tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ, ní kí n bá òun lọ ra ibùsùn ìkókó ní London. Màmá wa, tí ó ti Ìbàdàn wá láti tọ́jú ọlọ́mọ, bá wa lọ, inú rẹ̀ kò sì dùn sí ìrìn náà rárá.

Apẹ̀rẹ̀ onímùdání méjì ni a kọ́kọ́ rí. Apẹ̀rẹ̀ Mósè ni àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. (Orúkọ náà yà mí lẹ́nu. Apẹ̀rẹ̀ tí ìyá kan fi gbé ọmọ jìnnà sí ara rẹ̀, kí Fáráò má baà pa á, ni a wá sọ di ibùsùn ẹ̀gbẹ́ ìyá!) Màmá wò ó títí.

“Ṣé ọmọ adìẹ ni a fẹ́ rà ni, tí ẹ ń wá apẹ̀rẹ̀? Ọmọ mẹ́fà ni mo bí. Èwo nínú yín ni mi ò gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara mi?”

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá,” ni àbúrò mi wí. “Bọ̀dá mi, ẹ wá wo eléyìí.”

Èyí tí ó ń nà sí jẹ́ arẹwà lóòótọ́. Léèsì yí i ká, wọ́n fi tìmùtìmù tẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ inú, ìrọ̀rí kékeré sì wà níbi orí. Mo bi í pé ta ni yóò máa wo léèsì yìí, nítorí ìkókó kò tíì ríran jìnnà, ojú oorun ni ó sì wà jù. A kò rí ìdáhùn sí i. Ojú wa ni wọ́n ṣe é fún, ojú àwa tí a ń sanwó.

Àwa Yorùbá ní ìwà lẹwà. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ yìí kan ohun èlò bí ó ti kan ènìyàn. Gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó fín ara odó tí ó dára, ṣùgbọ́n tí ìdí odó náà kò dúró nílẹ̀, kò tíì gbẹ́ odó. Iṣẹ́ ibùsùn ìkókó ni kí ọmọ tí kò lè yí orí rẹ̀ dáadáa lè máa mí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ohun tí ó rọ̀ tí ó sì wúlẹ̀, tí imú ọmọ lè rì sí, ọ̀tá iṣẹ́ yìí ni, bí ó ti wù kí ó wuni tó. Ní ọdún 1991 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolongo ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ẹ̀yìn ni kí a máa tẹ́ ìkókó lé sùn, kì í ṣe ikùn; láàárín ọdún díẹ̀, ikú òjijì tí ń pa ìkókó lójú oorun dín kù ju ìdajì lọ. Síbẹ̀, àwọn oníṣòwò kò yé ṣe ẹwà. Ní Amẹ́ríkà, irú ibùsùn kan tí apá orí rẹ̀ ga ju apá ẹsẹ̀ lọ gbajúmọ̀ nítorí pé ọmọ tètè ń sùn sínú rẹ̀. Ní ọdún 2019 ni wọ́n kó nǹkan bí mílíọ̀nù 4.7 rẹ̀ kúrò lọ́jà, lẹ́yìn tí ó lé ní 30 ìkókó tí ó ti kú sínú rẹ̀. Ní ọdún 2022, òfin wọn ka títà irú rẹ̀ léèwọ̀, àti tìmùtìmù ẹ̀gbẹ́ ibùsùn pẹ̀lú.

Èyí tí mo bá wọn yàn kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ó sì le; àwọ̀n tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀; aṣọ kan ṣoṣo tí ó fà gan-an ni a tẹ́ sí i. Àbúrò mi ní ó jọ àpótí tí wọ́n fi ń pàtẹ búrẹ́dì. Mi ò lè jiyàn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Màmá kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Òótọ́ ni pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wa sùn. Orí kí ni a sùn sí? Orí ẹní ni. Ẹní tẹ́jú, ó le, kò sì sí ibi tí ọmọ lè já bọ́ sí. Ibùsùn tí àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀ ń sùn sí ní London kì í ṣe ẹní: fóòmù tí ń rì ni, pẹ̀lú ìrọ̀rí mẹ́rin àti aṣọ ìbora òtútù tí ó nípọn. Ẹni tí ó bá tẹ́ ìkókó sáàárín ìwọ̀nyí tí ó sọ pé àṣà wa ni òun ń tẹ̀ lé, orúkọ àṣà ni ó mú, ó ti fi ẹní sílẹ̀ nílé. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò fara mọ́ àwọn tí ń gbé ìkókó lọ sí yàrá ọ̀tọ̀ kí wọ́n lè sùn dáadáa. Àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà pàápàá, nínú ìmọ̀ràn tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2022, ní yàrá kan náà ni kí òbí àti ọmọ wà fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, ṣùgbọ́n kí ibùsùn wọn yàtọ̀. Àlàfo Morisot nìyẹn. Ìrọ̀rí àti àwọ̀n rẹ̀ ni agbẹ̀bí òde òní yóò kó dànù.

Mo sọ èyí fún Màmá nínú ọkọ̀ bí a ti ń padà bọ̀. Kò fèsì. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé ọmọ dé láti ilé ìwòsàn, òun fúnra rẹ̀ ni ó fa ibùsùn náà sún mọ́ ti àbúrò mi, ó jókòó sí etí ibùsùn ńlá, ó na ọwọ́ wò bóyá yóò tó àyà ọmọ. Ó tó o. Ó wá ká léèsì tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì fi ta ìkókó lọ́rẹ kúrò lórí rẹ̀, ó sì fi bo tẹlifíṣàn.