Òjìji Lábẹ́ Igi Ápù: Wíwo Àwòrán Pissarro Láti Igana

Àwòrán tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni Ìkórè Ápù, tí Camille Pissarro yà ní Éragny, nílẹ̀ Faransé, ní 1888. Dallas ní Amẹ́ríkà ló wà báyìí. Ọkùnrin kan ń fi ọ̀pá gígùn gbọn èso sílẹ̀ lórí igi. Àwọn obìnrin ń ṣa á. Òjìji igi náà tẹ́ sí àárín bí ẹní.

Oòrùn inú rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń yìn. Lójú tèmi, òjìji ló yẹ ká wò. Pissarro kò fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Ọ̀nà tó kọ́ lọ́dọ̀ Seurat ló lò: ó to àmì kéékèèké aláwọ̀ aró, àlùkò àti pupa fẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ra. Èyí kò lè ya ẹni tó ti ṣa ẹyìn rí ní Igana tàbí Sakété lẹ́nu. Imọ̀ ọ̀pẹ kì í dí oòrùn tán. Ńṣe ló ń gé e wẹ́wẹ́ sára ẹni.

Pípín iṣẹ́ náà jọ tiwa pẹ̀lú. Ọkùnrin a fi igbà gun ọ̀pẹ, a gé ìdì ẹyìn. Obìnrin àti ọmọdé a ṣa èyí tó fọ́n ká.

Ibi tí n kò ti gbà fún àwòrán yìí ni pé àmì kan náà ló fi ya koríko, èso àti ènìyàn. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ kò wúwo ju koríko lọ. A kò sì rí olóko. Ní agbègbè Pobè, níbi tí ìjọba amúnisìn ti dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní 1922, a kò lè sọ̀rọ̀ ìkórè ká má béèrè ẹni tó ni ọ̀pẹ.

Bẹ́ẹ̀, Pissarro kì í ṣe àjèjì sí ìbéèrè yìí. Erékùṣù Saint Thomas, tó wà lábẹ́ Denmark nígbà náà, ni wọ́n bí i sí ní 1830. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn ẹrú gba òmìnira ní 1848. Ó sì dàgbà di ẹni tó gbà pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jẹ ọ̀gá lórí ẹnìkejì.

Nítorí náà, mo ka àwòrán yìí sí ìfẹ́ ọkàn, kì í ṣe ẹ̀rí: iṣẹ́ oko bí ì bá ti rí ká ní kò sí ọ̀gá. Bí a kò bá sọ èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, wọn yóò fi oòrùn Éragny díwọ̀n oko ìyá wọn, wọn yóò sì rò pé òógùn ló ba ẹwà tiwa jẹ́.