Ta Là Ń Bá Díje? Andrew Beyer, William Benter àti Kíka Eré Ẹṣin

Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa, àmọ́ bí ẹ bá pa á fún ẹni tó ń fi eré ẹṣin jẹun ní Amẹ́ríkà, ìbéèrè ni yóò fi dá yín lóhùn: ẹṣin iwájú ọ̀hún, báwo ló ṣe ń sáré tó? Bó bá ti lo gbogbo agbára rẹ̀ tán níbẹ̀rẹ̀, ti ẹ̀yìn kò ní wò ó sáré rárá. Yóò kàn kọjá lára rẹ̀ ni.

Àwọn méjì kan wà tó sọ irú ìbéèrè yìí di iṣẹ́, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún aráyé kà. Andrew Beyer, oníròyìn ará Amẹ́ríkà, gbé ìwé Picking Winners jáde ní 1975. William Benter, tó fi kọ̀ǹpútà ta tẹ́tẹ́ ẹṣin ní Hong Kong, tẹ ìròyìn kan jáde ní 1994, ó sì pe àkọlé rẹ̀ ní Computer Based Horse Race Handicapping and Wagering Systems. Àwa tí à ń kọ àròkọ yìí, kóòdù la fi ń jẹun, torí náà ẹ lè rò pé ti Benter nìkan ló máa wù wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Méjèèjì la gbádùn, méjèèjì la sì ní ẹjọ́ tá a fẹ́ bá rò.

Kí ló wá kàn wá kan ẹṣin òyìnbó? Lóòótọ́, ilẹ̀ tí Tafawa Balewa Square wà ní Èkó lónìí, pápá eré ẹṣin ni tẹ́lẹ̀, ère ẹṣin funfun ṣì wà lẹ́nu géètì ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ìdí. Ìdí ibẹ̀ ni pé tẹ́tẹ́ ti wọ inú fóònù gbogbo wa. Kò sí àdúgbò tí ẹ máa dé tí ẹ ò ní rí ọmọkùnrin tó ń ka odds bí ẹni ń ka ìwé ìdánwò, àwọn kan sì wà lórí Telegram tí wọ́n ń ta "sure odds" fún un. Ìwé méjì tá a mú wá yìí sọ ohun tí àwọn tó ń ta "sure odds" kò jẹ́ sọ: ẹni tí ẹ̀ ń bá díje kì í ṣe ẹṣin.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń kà. Thoroughbred ni wọ́n ń pe ẹ̀yà ẹṣin tí wọ́n ń sìn nítorí eré sísá. Ní ọjọ́ kan ní pápá, eré bíi mẹ́jọ sí méjìlá ló máa ń wáyé, ẹṣin bíi mẹ́fà sí méjìlá sì lè wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Handicapping ni kí èèyàn jókòó ti ìwé kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kó wo ohun tí ẹṣin kọ̀ọ̀kan ti ṣe sẹ́yìn, kó sì dá a lójú bí àǹfààní rẹ̀ ṣe tó. Ìwé ìròyìn tó lókìkí jù fún iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà ni Daily Racing Form, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Chicago ní 1894. Nínú rẹ̀, eré kan, ìlà kan. Inú ìlà kan ṣoṣo yẹn ni ẹ ti máa rí ọjọ́, pápá, bí ọ̀nà ṣe jìn tó, bóyá orí iyẹ̀pẹ̀ ni tàbí orí koríko, àkókò tí ẹṣin iwájú lò ní ibi kọ̀ọ̀kan, ipò tí ẹṣin yìí wà níbẹ̀, ẹni tó gùn ún, odds rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àti ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta nípa bí eré ṣe lọ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo log rí nígbà tí app bá kọṣẹ́, ẹ máa mọ irú ìwé tá à ń sọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, eruku lásán ló máa rí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kà, ìtàn ló máa rí.

Ìtàn gan-an ni Beyer rí. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọ́ ní Harvard, wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ ìtàn pé ní 1966 ó fi ìdánwò lórí Chaucer sílẹ̀, ó lọ wo eré Belmont Stakes, ẹṣin tó ń jẹ́ Amberoid ló sì borí níbẹ̀. Ìwé rẹ̀ ní adùn ẹni tó mọ ìtàn sọ. Ṣùgbọ́n ohun tó mú ìwé náà wúlò kì í ṣe ìtàn, bí kò ṣe nọ́ńbà kan tó fara balẹ̀ ṣàlàyé.

Ẹ wò ó báyìí. Awakọ̀ kan lo wákàtí méjì láti Ìkòròdú dé CMS ní àárọ̀ Mọ́ńdè tí òjò ń rọ̀. Òmíràn lo wákàtí kan ní Sọ́ńdè tí ọ̀nà dá páropáro. Ta ló mọ ọkọ̀ wà jù? Aago nìkan ò lè sọ fún yín. Ẹ ní láti mọ bí ọ̀nà ṣe rí lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni pápá ẹṣin: ọjọ́ kan á le, ọjọ́ kejì á rọ̀, ọjọ́ kẹta òjò á ti sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Torí náà Beyer kò ka eré kan ṣoṣo. Ó máa kó gbogbo eré ọjọ́ náà jọ, ó máa fi àkókò tí irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó lò wé èyí tí wọ́n lò, kó lè mọ iye tí pápá fi kún un tàbí iye tó yọ kúrò. Lẹ́yìn ìyẹn ló máa fún ẹṣin kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ lè fi ẹṣin tó sáré ní New York lánàá wé èyí tó sáré ní California lóṣù tó kọjá. Lójú tiwa, ibi tí ìwé náà ti dára jù lọ nìyí, torí ó ń kọ́ni pé òtítọ́ eré kan wà nínú àwọn eré tó yí i ká.

Ibo ni ìwé náà wá ti kù díẹ̀ káàtó? Beyer fẹ́ràn akọni. Nínú ìwé rẹ̀, ọlọ́gbọ́n kan dúró, òun nìkan, ó rí ohun tí èrò kò rí, ó sì gbowó. Ó dùn ún kà jàre! Àmọ́ ìtàn akọni máa ń mú kí òǹkàwé rò pé òun náà ni akọni. Nígbà tó sì di 1992 tí Daily Racing Form bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà Beyer fún gbogbo ayé, kò sí àṣírí mọ́. Ohun tí gbogbo ọjà bá ti mọ̀, kò sí èrè gidi nínú rẹ̀ mọ́.

Kí ọ̀rọ̀ èrè yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ ká wo bí owó ṣe ń lọ. Ní pápá ẹṣin Amẹ́ríkà àti ti Hong Kong, owó gbogbo èrò ni wọ́n ń dà pọ̀, ilé-iṣẹ́ á yọ tirẹ̀, àwọn tó bá borí á pín ìyókù. Ká ní èèyàn mẹ́wàá dá ₦1,000 kọ̀ọ̀kan, ó di ₦10,000. Ká ní ilé-iṣẹ́ yọ ₦1,700, ó ku ₦8,300. Ká ní àwọn mẹ́jọ wà lẹ́yìn ẹṣin A, àwọn méjì sì wà lẹ́yìn ẹṣin B. Bí A bá borí, ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba ₦1,037. Bí B bá borí, ẹnì kọ̀ọ̀kan á gba ₦4,150. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀: kí ẹni tó mú A má bàa pàdánù, A gbọ́dọ̀ borí nígbà 97 nínú 100. Ẹni tó mú B, 25 nínú 100 ti tó o. Bí A bá lè borí nígbà 70 nínú 100, òun ni ẹṣin tó dára jù, tẹ́tẹ́ rẹ̀ sì tún burú. Ọ̀tọ̀ ni ẹṣin tó dára, ọ̀tọ̀ ni iye tó dára.

Ibí ni Benter ti wọlé. Kí ó tó dé ìdí ẹṣin, ó ti ń ka káàdì ní àwọn ilé tẹ́tẹ́ Las Vegas. Hong Kong ló wá lọ jókòó sí, níbi tí pápá méjì péré wà, Happy Valley àti Sha Tin, tí àwọn ẹṣin kan náà sì ń pàdé ara wọn léraléra. Fún ẹni tó ń kó dátà jọ, kí ló tún dára ju ìyẹn lọ? Ó mú ọ̀nà ìṣirò tí Bolton àti Chapman gbé jáde ní 1986, ó fi ọ̀pọ̀ nǹkan kún un, ó sì kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ àǹfààní ẹṣin kọ̀ọ̀kan nínú 100.

Ìròyìn rẹ̀ gbẹ bí gàrí tí kò rómi. Tábìlì, ìṣirò, tábìlì. Kò sí akọni kankan nínú rẹ̀. Àmọ́ àárín gbígbẹ yẹn ni ohun tó yà wá lẹ́nu jù nínú ìwé méjèèjì wà. Benter rí i pé níbi tí ètò òun bá ti sọ pé ẹṣin kan dára ju bí èrò ṣe rò lọ, ètò náà sábà máa ń sọ àsọdùn. Òtítọ́ wà láàárín ohun tí ètò sọ àti ohun tí èrò sọ. Kí ló ṣe? Ó mú odds àwọn èrò, ó fi í kún ìṣirò tirẹ̀. Àwọn èrò mọ ohun tí dátà rẹ̀ kò mọ̀: ẹṣin tí ara rẹ̀ kò yá láàárọ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹni kan gbọ́ ní ilé ẹṣin. Ẹni tó fẹ́ borí èrò ní láti kọ́kọ́ tẹ́tí sí èrò. Àwa tí à ń kọ kóòdù kì í fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ètò wa bá ti bá dátà àtijọ́ mu, ó ti tán nìyẹn, a ti gbọ́n. Benter ní rárá, orí eré tí ètò náà kò rí rí ni ká ti dán an wò.

Ẹ jẹ́ ká gbé wọn méjèèjì lórí ìwọ̀n pẹ̀lú eré kan tí gbogbo ayé mọ̀, Kentucky Derby ti May 7, 2022. Ẹṣin 20 ló sáré. Ọ̀kan nínú wọn, Rich Strike, kò sí nínú eré náà títí di ọjọ́ tó ṣáájú, nígbà tí wọ́n yọ ẹṣin mìíràn kúrò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ti borí nínú eré méje, $30,000 sì ni wọ́n fi rà á lọ́dún tó ṣáájú. Odds rẹ̀ jẹ́ 80 sí 1. Eré bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹṣin iwájú sì parí ìdámẹ́rin máìlì àkọ́kọ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá 21.78, èyí tó yára jù nínú ìtàn Derby. Summer Is Tomorrow wà lára àwọn tó ń sáré níwájú yẹn. Ipò tó kẹ́yìn ló parí sí. Rich Strike wà lẹ́yìn pátápátá, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kọjá gbogbo wọn. Ẹni tó fi $2 lé e gba $163.60.

Lẹ́yìn eré, ìtàn rọrùn. Ẹ lè ṣí ìwé, kí ẹ rí i pé lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, ó borí pẹ̀lú àlàfo tó ju gígùn ẹṣin 17 lọ ní pápá yìí kan náà. "Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí!" Irú kíkà báyìí ni ìwé Beyer lè tì wá sí bí a ò bá ṣọ́ra. Benter á bi wá ní nǹkan mìíràn: ká tó mọ àbájáde, ìgbà mélòó nínú 100 ni irú ẹṣin yìí lè borí? Bó bá jẹ́ 2, iye yẹn dára, àmọ́ ẹni tó ń ra irú tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀ máa pàdánù nígbà 98. Bó bá jẹ́ ìdajì 1, iye yẹn burú, kódà bí owó ti wọlé. Ní Belmont Stakes oṣù tó tẹ̀ lé e, ipò kẹfà ni Rich Strike wà. Pé tẹ́tẹ́ wọlé kò sọ pé ẹni tó ta á gbọ́n.

Ẹjọ́ tá a ní pẹ̀lú Benter náà rèé. Owó tó kó jọ, inú àpò ta ló ti jáde? Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ló san án, torí ilé-iṣẹ́ ti yọ tirẹ̀ kí wọ́n tó pín. Àwọn èrò tó tẹ́tí sí yẹn ló san án, àwọn tó wá gbafẹ́ lálẹ́ Wẹ́sídeè. Nínú ìròyìn rẹ̀, odds lásán ni wọ́n. Nọ́ńbà méjèèjì kò sì ní àyè fún ẹṣin fúnra rẹ̀. Ní Derby 2008, ipò kejì ni Eight Belles wà. Bó ṣe kọjá ìlà ìparí, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì iwájú kán, orí pápá ni wọ́n pa á sí. Nínú tábìlì, "2" ni ẹ máa rí.

Ẹ wá fi èyí wo fóònù yín. Nínú tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tiwa, ilé-iṣẹ́ ló ń fi odds lélẹ̀, tirẹ̀ sì ti wà nínú odds yẹn. Ká ní nínú ₦100 tí ẹ fi lé eré kan, ₦95 ló ń padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta á. Bí ẹ bá so eré mẹ́wàá pọ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, ₦60 ló máa kù. Ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ wa máa ń sọ ni pé eré kan ló ba tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́. Ìsopọ̀ yẹn gan-an ló ti jẹ ₦40 kí bọ́ọ̀lù tó gbéra. Ẹni tó ń ta "sure odds" mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń tà á dípò kó fi owó ara rẹ̀ lé e.

Bí ẹ bá fẹ́ gbádùn, ẹ ka Beyer. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń ka ìwé láì tan ara rẹ̀ jẹ, ẹ fi omi bomi nínú Benter kí ẹ sì kà á. Bí ẹ bá ka méjèèjì tán, tí ẹ sì rí i pé ohun tó gbọ́n jù láti ṣe nínú ọ̀pọ̀ eré ni kí ọwọ́ yín wà nínú àpò yín, á jẹ́ pé ẹ kà á yé.