Olódòdó Tó Mọ Ọjọ́ Tí Kò Yẹ Kó Bomi Rin

Ẹni tó bá yà kúrò ní títì márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, tó forí lé Àgbárá, tírélà ló máa kọ́kọ́ rí, eruku ló máa tẹ̀ lé e. Inú eruku yìí náà ni bougainvillea ti ń yọ lórí ògiri, elésè-àlùkò níbí, pupa lọ́hùn-ún, funfun níwájú géètì ẹlòmíràn. Láti ìgbà tí Olóyè Adéyẹmí Lawson ti dá Agbara Estate sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, tí ilé-iṣẹ́ ńlá bíi Nestlé àti Unilever sì ti tẹ̀dó síbẹ̀, ògiri pọ̀ ní àdúgbò náà. Ibi tí ògiri bá sì pọ̀ sí, iṣẹ́ kì í tán lọ́wọ́ olódòdó. Gbogbo wa la máa ń yin òdòdó; ẹni tó mú un tanná la kì í sábà wò.

Ẹ já òdòdó bougainvillea kan, kí ẹ wò ó dáadáa. Ohun tó ń dán yòò yẹn kì í ṣe òdòdó, ewé ni. Ewé mẹ́ta ni, ó fẹ́lẹ́ bíi bébà, iṣan rẹ̀ sì máa ń hàn kedere bí ẹ bá gbé e sójú oòrùn. Òdòdó gan-an wà láàárín wọn: ọ̀pá tínńtín mẹ́ta, orí wọn funfun, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ̀ mọ́ iṣan àárín ewé tirẹ̀. Àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Virginia, l'Amẹ́ríkà, mọ igi kan tó ń ta irú ọgbọ́n yìí. Dogwood ni wọ́n ń pè é, ìtànná rẹ̀ sì ni ìpínlẹ̀ náà fi ṣe òdòdó àmì wọn ní 1918. Ewé funfun mẹ́rin tí gbogbo ayé ń yìn lára rẹ̀, ewé lásán ni àwọn náà.

Gúúsù Amẹ́ríkà ni bougainvillea ti wá. Ní 1767, ní Brazil, ni Philibert Commerson, ọmọ Faransé tó mọ̀ nípa ewéko, rí i, wọ́n sì fi orúkọ ọ̀gá ìrìn-àjò wọn, Louis-Antoine de Bougainville, sọ ọ́. Jeanne Baret, obìnrin tó múra bí ọkùnrin kí wọ́n tó lè gbà á sínú ọkọ̀, ló ń bá Commerson ṣa ewé.

Ọ̀rọ̀ tó kan olódòdó jù wà lára ẹ̀ka. Níbi tí ewé kọ̀ọ̀kan ti so mọ́ ẹ̀ka, ojú kékeré kan wà. Ojú yìí lè di ẹ̀gún, ó sì lè di ìdì òdòdó. Ibì kan náà ni méjèèjì ti ń yọ. Bí igi bá rí omi àti ajílẹ̀ ní àjẹyó, ewé á dúdú minimini, ẹ̀gún á gbilẹ̀, òdòdó á wọ́n. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́ díẹ̀, tí oòrùn sì ń pa á láàárọ̀ dalẹ́, ojú yẹn á di òdòdó. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń bomi rin tirẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ fi ń ráhùn pé igi tí wọ́n tà fún òun kì í tanná.

Ọ̀gá olódòdó kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa wò lẹ́nu iṣẹ́. Kì í gba ojú ilẹ̀ gbọ́. Á ki ìka bọ ìdí igi títí dé oríkèé kejì. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ìka náà, á dìde, á kọjá. Bí ó bá gbẹ, á wo ewé. Èyí tó sorí kọ́ díẹ̀ lọ́sàn-án, tó tún gbérí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò tíì tó fún omi. Àárọ̀ tí kò bá gbérí mọ́ ni á gbé rọ́bà omi, kì í sì í wọ́n ọn. Á dà á títí omi á fi wọlẹ̀ dé gbòǹgbò. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra.

Ní ilẹ̀ òkèèrè, ọjọ́ kúkúrú ló máa ń sọ fún igi yìí pé kó múra. Ní Àgbárá, ojúmọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò ní wákàtí 12 jálẹ̀ ọdún, ilẹ̀ gbígbẹ ló ń jẹ́ iṣẹ́ náà. Bí àròkúrò bá ti dáwọ́ dúró ní oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, ìgbà náà ni àwọ̀ máa ń bo ògiri jù lọ.

Bí òdòdó bá ti ń re, ó di ọwọ́ sísọ́ọ̀sì. Ṣóńṣó ẹ̀ka tuntun ni bougainvillea ti ń tanná, nítorí náà gígé ló ń bí òdòdó. Ọ̀gá náà á wá ojú tó kọjú síta, á gé ẹ̀ka díẹ̀ lókè rẹ̀, kí ẹ̀ka tuntun lè gba ìta lọ dípò kó há sínú. Ẹ̀ka gbọọrọ tó ń ga lọ láìní òdòdó kankan, á gé e kúrò nídìí. Àwọn tó ń fi àdá fá gbogbo ẹ̀ pẹrẹsẹ lóṣooṣù, ṣóńṣó tí òdòdó ìbá ti yọ gan-an ni wọ́n ń dà nù.

Bí ọ̀gá náà bá ń gbìn ín, kì í fa igi yọ nínú ọ̀rá dúdú. Gbòǹgbò rẹ̀ rọrùn láti ṣẹ́. Á fi abẹ la ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, á gbé e pẹ̀lú ìṣù iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sínú ihò. Kì í fún un ní yúríà, nítorí ewé nìyẹn ń wá. Eérú igi díẹ̀ máa ń tẹ́ ẹ lọ́rùn. Eruku tírélà tó bá dì mọ́ ewé, á fi omi fọ̀ ọ́ kúrò, kí oòrùn lè ráyè. Kòkòrò funfun tó ń bò ó bí òwú, omi ọṣẹ tàbí omi ewé dóńgóyárò ló fi ń lé e.

Ẹ wá wo ohun tí a ń sanwó fún. Ẹni tó gba olódòdó sílé ń fẹ́ rí i pẹ̀lú rọ́bà omi lọ́wọ́. Tó bá jókòó lábẹ́ igi, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí kò bomi rin yẹn wà lára iṣẹ́ tó ń ṣe, òun ló sì ṣòro jù láti kọ́, nítorí ọwọ́ gbogbo èèyàn ń yún wọn láti tọ́jú ohun tí wọ́n fẹ́ràn. Bí ẹ bá ní ọ̀kan tó mọ̀ ọ́n, ẹ má fi rọ́bà omi dá a lẹ́jọ́. Ẹ dúró di oṣù kejìlá, kí ẹ ka ìdì òdòdó orí ògiri, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó oṣù rẹ̀.