Etí Tí Kì Í Fẹ́ Ìjáyà

Ẹni tó bá ń gbé oríta Papalanto mọ ohun tó ń jẹ́ ariwo. Tírélà sìmẹ́ǹtì ń ti Ewékoro bọ̀, ọkọ̀ Ìláròó ń yà, àwọn awakọ̀ ò sì gbọ́wọ́ kúrò lórí fèrè. Síbẹ̀, àwọn tí ara wọn kì í gba ariwo ládùúgbò wa kì í sábà fi ẹ́ńjìnnì tírélà sùn mí. Ohun tó ń kù lọ́nà kan náà láti àárọ̀ dalẹ́, ara wọn ti mọ̀ ọ́n. Fèrè tó ké lójijì ni wọ́n ń sọ, tàbí abọ́ irin tó já bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn òbí tó ń wá orin fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kí wọ́n má fi bí orin ṣe lọ sókè tó nìkan dá a lẹ́jọ́. Ìjáyà ló ń dá etí àwọn ọmọ wọn lóró ju ariwo lọ.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbọ́ orin ṣáájú ẹni tó fẹ́ gbọ́ ọ, kí n lè mọ ibi tó ti máa ni ín lára. Ó lè jẹ́ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, ó lè jẹ́ àgbàlagbà tí túúlu ń bá fà á. Ní 2013 ni ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń ṣàyẹ̀wò wá ka bí ohùn, ìmọ́lẹ̀ àti ìfọwọ́kàn ṣe ń rí lára èèyàn mọ́ àwọn àmì ọ́tísíìmù. Àwọn ìyá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Nínú gbogbo orin tí mo ń yẹ̀ wò fún wọn, orin blues ni mo fẹ́ràn jù. Bí wọ́n ṣe hun ún ló fà á. Ẹsẹ kan sábà máa ń jẹ́ ìwọ̀n méjìlá, ìlù mẹ́rin nínú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Olórin á sọ gbólóhùn kan, á tún un sọ, á wá fi ẹ̀kẹta fèsì. Ẹni tó bá ti gbọ́ ẹsẹ kìíní ti mọ ibi tí èkejì máa gbà. Etí tó ń ṣọ́ra láti òwúrọ̀ á lè sinmi díẹ̀.

Mississippi John Hurt ni mo máa ń kọ́kọ́ mú jáde. Ó gba orin sílẹ̀ fún iléeṣẹ́ Okeh ní 1928, àwo náà kò tà, ó padà sídìí iṣẹ́ oko rẹ̀ ní Avalon títí àwọn kan fi wá a débẹ̀ ní 1963. Ẹ fetí sí àtàǹpàkò rẹ̀. Okùn tó nípọn ló ń ta, ọ̀kan, òmíràn, ọ̀kan, òmíràn, kò yára, kò falẹ̀, bí ìyá ṣe ń fọwọ́ gbá ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ nídìí. Àwọn ìka yòókù ń fi okùn tín-ínrín dá orin lókè. Ohùn rẹ̀ dà bíi pé ó jókòó tì yín. Bí mo bá fi “Louis Collins” sí i, èèyàn lè gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì ohùn títí yóò fi tán, torí kò síbi tó ti máa fò sókè. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n yìnbọn pa ni orin náà ń dárò, mo sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan wà tí ohùn ò ṣe nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ni kì í kúrò lọ́kàn wọn.

Ọ̀tọ̀ ni ti Little Walter. Nínú “Juke”, tó gbé jáde ní 1952, ó fi ọwọ́ di hàmóníkà àti maikirofóònù mọ́ra, ó fọn ọ́n títí ohùn fi ń ya nínú ẹ̀rọ. Èmi gan-an lè gbọ́ ọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àmọ́ ohùn tó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 2,000 sí 5,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni etí èèyàn ń tètè gbọ́ jù, hàmóníkà sì ń gún un níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo lè yí tírébù wálẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá yí i jù, orin náà á kú.

Àwo tó ń tan èèyàn jù ni Folk Singer, tí Muddy Waters gbé jáde ní 1964. Kò sí gìtá oníná níbẹ̀, wọ́n á ní ó ti rọrùn nìyẹn. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Yàrá tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀ pa lọ́lọ́, ohùn rẹ̀ ń lọ jẹ́jẹ́, ẹ ti ń sún mọ́ sípíkà kí ẹ lè gbọ́ ọ, ìgbà yẹn ló máa bú jáde. Àwo tó lẹ́wà ni, n kò sì ní gbé e fún ẹni tí ìjáyà ń pa lára láìkọ́kọ́ kìlọ̀ fún un. Live at the Regal ti B.B. King ńkọ́? Igbe àwọn èrò inú rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbé e fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ rárá.

Nílẹ̀ Ẹ̀gbá níbí, a ní ohun tó jọ blues nínú ilé. Sákárà Yusuf Olátúnjí ń lọ lójú kan, orin kan á wọ inú òmíràn láìdánu dúró, ìlù alámọ̀ ń dáhùn, góje ń tẹ̀ lé ohùn. Ali Farka Touré ará Mali, tó bá Ry Cooder ṣe Talking Timbuktu ní 1994, náà ta ìbátan góje yìí tí wọ́n ń pè ní njarka, gìtá rẹ̀ sì bá blues mu bí ọmọ ìyá. Irun tó ń fa okùn nínú góje ni mo máa ń ṣọ́. Ó ń yún àwọn kan létí, mo sì ń wá ibi tí ohùn Olátúnjí, Bàbá L'Ẹ́gbàá, ti bò ó.

Ilé ẹni tó fẹ́ gbọ́ orin ni mo ti ń ṣe é, lórí fóònù tàbí sípíkà tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni bọ́tìnnì sì ń wà. Ará Abẹ́òkúta kì í ṣe àjèjì sí èrò yìí: ní 1954 ni Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò gba ìtọ́jú nígbà tí àwọn àti ẹbí wọn ń gbé láàárín àwọn ará abúlé.

Ìyá kan tí túúlu ń dà láàmú ní “Smokestack Lightning” ti Howlin' Wolf, 1956, lòun fẹ́. Mo ní ohùn ọkùnrin yẹn le, ó sì ń hu bí ìkookò. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà sọ ibi tó ti máa hu fún mi. Tí mo bá ti mọ̀ pé ó ń bọ̀, kò ní já mi láyà.” Mo jókòó ti orin náà, mo kọ gbogbo ibi tó ti hu sórí bébà, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá. Ó ń gbọ́ ọ báyìí, bébà lọ́wọ́. Ó ti ní kí n bá òun kọ ti “Juke” náà.