Zahrah the Windseeker (ìwé ìtàn àròsọ)

Zahrah the Windseeker ni àkọ́kọ́ nínú àwọn ìwé ìtàn àròsọ gígùn tí Nnedi Okorafor kọ. Amẹ́ríkà ni ó ti jáde ní ọdún 2005, nígbà tí òǹkọ̀wé náà ṣì ń jẹ́ Okorafor-Mbachu. Amẹ́ríkà náà ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1974, ṣùgbọ́n ọmọ Igbo láti Nàìjíríà ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ìwé náà gba Ẹ̀bùn Wole Soyinka fún Lítíréṣọ̀ ní Áfíríkà ní ọdún 2008. Àwọn ọ̀dọ́ ni a kọ ọ́ fún. Ó wà lára irú ìtàn tí ó fi sáyẹ́ǹsì àti idán ṣe ọ̀kan, tí kì í sì í dúró bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìlú Kirki, ní apá àríwá Ilẹ̀-ọba Ooni, lórí ayé kan tí ń jẹ́ Ginen, ni Zahrah Tsami, ọmọ ọdún 13, ń gbé. Dàda ni. Okùn ewéko ń hù láàárín irun orí rẹ̀, àwọn ará ìlú sì ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ẹni tí a bá bí báyìí ní agbára tí kò yẹ ọmọ ènìyàn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Dari, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, nìkan ni kì í bẹ̀rù rẹ̀. Nígbà tí Zahrah bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan oṣù, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra kúrò nílẹ̀: ọ̀kan nínú àwọn Windseeker ni, àwọn ènìyàn tí ó lè fò. Bẹ́ẹ̀ sì ni ibi gíga ń bà á lẹ́rù púpọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ọ̀rọ̀ náà, ìwádìí yìí sì gbé wọn dé inú igbó tí gbogbo Kirki kà sí èèwọ̀. Níbẹ̀ ni ejò ti bu Dari ṣán. Ó sùn, kò sì jí. Oògùn kan ṣoṣo tí ó lè wò ó sàn, inú ẹyin elgort ni ó wà, ẹranko burúkú kan tí ń gbé inú igbó náà. Zahrah nìkan ni ó lọ wá a.

Òwe Yorùbá kan wà tí ó dà bí ẹni pé ìwé yìí ń dá lóhùn: Dàda kò lè jà, ṣùgbọ́n ó ní àbúrò tí ó gbójú. Títí dé ibi tí ejò ti ṣán Dari, bí òwe ti wí gan-an ni ìtàn ń lọ. Dari ni ó ní ẹnu, òun ni ó ní àyà. Òun ni ìwé atọ́nà nípa igbó náà kọ́kọ́ wọ̀ lọ́kàn, òun ni ó sì ń ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ síwájú nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń fà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni òǹkọ̀wé yí òwe po. Ó mú akínkanjú kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ dàda, ó sì ní kí dàda lọ jà nítorí akínkanjú. Ibí yìí ni agbára ìwé náà wà. Nínú ọ̀pọ̀ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ ọ̀dọ́, ìrìn-àjò ni a fi ń dán ọ̀rẹ́ wò: wọn a jọ lọ, wọn a jà lójú ọ̀nà, wọn a sì parí ìjà kí ìtàn tó tán. Níhìn-ín, àìsí ọ̀rẹ́ ni ìdánwò. Ohun tí Dari ti kọ́ Zahrah nígbà tí wọ́n jọ ń rìn ni ó ku ọmọbìnrin náà kù, pẹ̀lú ìwé atọ́nà kan tí í máa fi àwọn tí kò fẹ́ mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn odi wọn ṣẹ̀sín.

Sáyẹ́ǹsì Ginen yẹ ní wíwò dáadáa. Kò sí ilé-iṣẹ́ onírin níbẹ̀. Inú ilẹ̀ ni a ti ń hu ẹ̀rọ. Irúgbìn ni kọ̀ǹpútà, ẹni tí ó ni ín ni ó ń gbìn ín, òun ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi dàgbà. Ẹni tí ó bá rò ó pé òkè òkun ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ tí à ń lò ní Nàìjíríà ti ń wá, yóò mọ ìdí tí èrò yìí fi dùn mọ́ òǹkàwé níhìn-ín. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé kò sọ Ooni di párádísè. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ fẹ́ràn ẹwà débi pé wọ́n ń rán dígí mọ́ aṣọ wọn. Ara wọn ni wọ́n ń wò ṣáá, tí wọ́n sì kẹ̀yìn sí igbó ńlá tí ó wà nítòsí. Ìtàn lásán ni wọ́n tilẹ̀ ka ayé tiwa yìí sí. Ẹ̀fẹ̀ tí ó mú ni, a kò sì là á yé òǹkàwé ju bí ó ti yẹ lọ.

Òǹkàwé Yorùbá kò ní ṣàì rántí D. O. Fágúnwà bí Zahrah bá ti wọ igbó. Àfiwé náà tọ́, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ni ó ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), ọdẹ tí ó ní oògùn àti ìbọn ni Àkàrà-ògùn, ọba ni ó sì rán òun àti àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Òkè Láńgbòdó fún ire ìlú. Kò sí ẹni tí ó rán Zahrah. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún ni, ẹ̀mí ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń lé, ó sì rú òfin ìlú kí ó tó lè lọ. Fágúnwà a máa dúró láàárín ìtàn kí ó gba òǹkàwé níyànjú. Okorafor jẹ́ kí Zahrah fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rù àti àṣìṣe rẹ̀.

Ìwé náà ní àléébù. Nígbà tí a bá wọ inú igbó tán, ẹranko kan ń tẹ̀lé òmíràn, ewu kan ń tẹ̀lé òmíràn, a sì lè yọ ọ̀kan tàbí méjì kúrò kí ìtàn má ṣe bàjẹ́. Èyí tí ó tún wúwo ju èyí lọ ni ti Dari. Ìdajì ìwé ni ó fi sùn. A mọ bí Zahrah ṣe fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò mọ ohun tí ó ná Dari láti máa bá dàda rìn ní ìlú tí ojú ènìyàn ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn orúkọ náà sì wà níbẹ̀. Dàda wọ inú ìtàn dáadáa, nítorí pé ìbẹ̀rù tí Kirki ní fún un kò jìnnà sí ti àwọn ìlú wa. Àmọ́ nílẹ̀ Yorùbá, a ń bẹ̀rù dàda, a sì ń gẹ̀ ẹ́: a kì í dédé gé irun rẹ̀, a ń se ẹ̀wà fún un. Àpọ́nlé yìí kò tó nǹkan ní Kirki. Ti Ooni ni kò dára rárá. Oyè ọba Ifẹ̀ ni Ọọ̀ni, oyè tí ó ní ìtàn gígùn lẹ́yìn. Nínú ìwé yìí, orúkọ ilẹ̀ lásán ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń retí pé Ifẹ̀ yóò yọjú níbì kan yóò ka ìwé náà tán láìrí i.

Ní ọdún 2011, Okorafor gbé Akata Witch jáde, ìwé tí Cassava Republic tẹ̀ ní Nàìjíríà pẹ̀lú àkọlé What Sunny Saw in the Flames. Ìlú Aba ni ibùdó ìtàn rẹ̀, ọ̀rẹ́ mẹ́rin sì ni ó wà nínú rẹ̀: Sunny, Orlu, Chichi àti Sasha. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń jiyàn, wọ́n sì jọ ń dojú kọ ewu. Ẹnu ọ̀rẹ́ tí ó pa mọ́ nínú ìwé àkọ́kọ́ ti là níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí a mọ̀ tó bí a ṣe mọ Zahrah nígbà tí ó ku òun nìkan nínú igbó.