Orúkọ Kan, Àmì Mẹ́ta

"Ẹ kú ọjà o, Ìyá Aláṣọ. Aṣọ tí mo ní kẹ́ ẹ bá mi mú sílẹ̀ lọ́jọ́sí ńkọ́?"

Bí oníbàárà bá fi irú ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́, tí kò sọ àwọ̀ aṣọ, tí kò dárúkọ ọjọ́, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ni yóò máa fi ìka wá a kiri lójú fóònù, tí yóò máa kùn. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Àgọ́ Palace, ní Òkòtà nílùú Èkó, kì í kùn. Ó tẹ ibì kan, ó tẹ ibì kejì, ó dáhùn: "Léèsì aláwọ̀ ewé yẹn, yáàdì márùn-ún. Ẹ ti san ìdajì, mà. Ìdajì tó kù là ń retí."

Ohun tó fi ń ṣe é kò ṣọ̀wọ́n. WhatsApp Business ni, tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2018, tí wọn kì í sì í gbowó kí èèyàn tó gbé e sórí fóònù. Àmì aláwọ̀ wà nínú rẹ̀ tí ọlọ́jà lè lẹ̀ mọ́ orúkọ oníbàárà, tàbí mọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo nínú èyí tí oníbàárà fi ránṣẹ́. Oníbàárà fúnra rẹ̀ kì í rí i. Ilé-iṣẹ́ WhatsApp ti ṣe márùn-ún sílẹ̀, fún oníbàárà tuntun, owó tó kù àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èèyàn lè fi tirẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ogún lọ.

Àwọn ọlọ́jà tó ń lo àmì yìí sábà máa ń fi orúkọ ọjà pè é: léèsì, àǹkárá, àdìrẹ. Ó dùn ún wò, àmọ́ kí lèèyàn fẹ́ fi ṣe? Ta ló ń jí láàárọ̀ tó fẹ́ mọ gbogbo ẹni tó ti bèèrè àǹkárá rí? Iṣẹ́ tó kù nílẹ̀ lèèyàn ń fẹ́ mọ̀. Ibẹ̀ ni Ìyá Aláṣọ ti ta wọ́n yọ. Kò sí orúkọ aṣọ kankan nínú àmì tirẹ̀. "Ó Kù Díẹ̀" ni ti ẹni tí kò tíì san owó tán. "Balógun" ni ti ẹni tó bèèrè ohun tí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Bó bá ti wọ ọjà Balógun, àmì yẹn nìkan ló ń ṣí, gbogbo ohun tó fẹ́ rà á sì tò síbẹ̀. "Alùpùpù" ni ti ẹrù tó ti dì, tó ń dúró de ẹni tí yóò gbé e. (Láti September 2022 ni ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà akérò ní Oshodi-Isolo, níbi tí Òkòtà wà, àmọ́ àwọn tó ń fi alùpùpù jíṣẹ́ ẹrù ò kúrò nílé oníbàárà.) Èyí tó wù mí jù ni "Ẹ Rọra": ẹni tó ṣọ̀fọ̀, ẹni tó wà lórí ìdùbúlẹ̀ àìsàn. Kó tó pín àwòrán ọjà tuntun, ó máa ń yẹ ibẹ̀ wò, kò sì ní fi ránṣẹ́ sí wọn.

Bó ṣe ń kọ orúkọ wọn pamọ́ gan-an, ọgbọ́n wà níbẹ̀. "Màmá Ìbejì Grandmate." "Ìyàwó Pásítọ̀ Pako." "Nọ́ọ̀sì Century." Ibùdókọ̀ ló fi ń parí orúkọ. Lọ́jọ́ tí ẹrù bá pọ̀, á kọ "Pako" síbi ìṣàwárí, gbogbo ará apá ibẹ̀ á jáde, ẹni kan ṣoṣo á sì gbé ẹrù wọn lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Aṣọ ẹbí ló wá ń fi ọ̀gá hàn. Yorùbá àti Ìgbò ló kún Òkòtà, ìgbéyàwó kan sì lè ní aṣọ méjì, ti ìdílé ìyàwó àti ti ìdílé ọkọ. Ẹnìkan ti sanwó, kò tíì gbẹ́rù. Ẹnìkejì ti gbẹ́rù, gbèsè ṣì wà. Ẹ̀kẹta ń ra ti ìgbéyàwó, ó tún ń ra ti ìsìnkú. Ọ̀nà méjì lèèyàn lè gbà to irú nǹkan báyìí. Ní 1876, Melvil Dewey pín ìwé ilé-ìkàwé sí ọ̀wọ́ mẹ́wàá, ìwé kọ̀ọ̀kan sì ní àyè kan ṣoṣo lórí pẹpẹ. Ọdún 2003 ni Joshua Schachter gbé ìkànnì Delicious jáde, tí èèyàn lè fi orúkọ mẹ́ta tàbí mẹ́wàá pe ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì kan náà. Ti Dewey ò lè gbé aṣọ ẹbí. Lórí orúkọ oníbàárà kan, Ìyá Aláṣọ lè lẹ àmì òde, àmì owó àti àmì ẹrù, kí ìkankan má sì dí èkejì lọ́wọ́.

Ẹ wá wo àwòrán ọjà rẹ̀. Àárọ̀ ló ń yà á lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, kí oòrùn tó le, kí àwọ̀ má bàa parọ́. Ó ṣẹ́ igun aṣọ kan sẹ́yìn kí ẹ̀yìn léèsì lè hàn. Nọ́ḿbà aṣọ, iye yáàdì àti iye owó, orí àwòrán gan-an ló ń kọ wọ́n sí, kì í ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀, torí àwọn èèyàn á ya ojú fóònù wọn, wọ́n á gé e, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n wọn ní London, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ á sì sọnù sọ́nà. Tirẹ̀ á dé London, á padà dé Òkòtà, nọ́ḿbà rẹ̀ á ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn tó máa ń ní kéèyàn wá sí inbox kó tó gbọ́ iye ọjà, èmi ò tiẹ̀ mọ ẹni tí wọ́n ń fi í pamọ́ fún.

Broadcast, ìyẹn fífi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ló fi ń pín àwòrán wọ̀nyí. Èèyàn 256 ni broadcast kan lè gbà, ẹni tó bá sì fi nọ́ḿbà ọlọ́jà pamọ́ nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, kó tó ki aṣọ oníbàárà tuntun bọ ọ̀rá, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi nọ́ḿbà mi pamọ́," á sì dúró títí tí onítọ̀hún á fi ṣe é.

Alẹ́ ọjọ́ Sunday ló máa ń yọ àmì tí iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà kan, ó pè é ní "Àwọn Yòókù". Ọ̀gá rẹ̀ ò bínú. Ó ní kó ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó wo ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dúró dè, kó tó pa àmì náà rẹ́. Méje ni wọ́n. Mẹ́ta nínú wọn ti sanwó pé, ẹrù wọn ṣì wà lábẹ́ káńtà.